Lórí Píkọ́ọ̀pù Mẹ́ta Tí A Lọ Wò ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Àyìndé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Súlíyá ìyàwó rẹ. Ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé ilé tuntun yẹn ti ń mọ́ yín lára? Èmi wà. Orúnkún tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, kò kúkú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà má fi í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí o bá pè mí.

O lè máa rò ó pé kí ló kan lẹ́tà láyé òde òní. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, n kò ní í tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí wàá fi sọ pé, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, mo ti gbọ́." Bí mo bá sì gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o kì í gbọ́ ọ parí, Súlíyá ti tú àṣírí rẹ fún mi. Lẹ́tà kò ṣe é dá lẹ́nu. Jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a jọ lọ wò ní Sátidé ni. O ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni o fẹ́ sanwó. Ilé-iṣẹ́ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbà kí o máa kó ẹ̀gẹ́ wá fún wọn láti Ìrẹsà àti Ìkòyí-Ilé, wọ́n sì ti là á fún ọ pé bí ẹ̀gẹ́ rẹ bá ń pẹ́ dé, àwọn á wá ẹlòmíràn. Owó tí o fẹ́ fi ra ọkọ̀ ni owó ilẹ̀ bàbá rẹ tí a tà. Kò sí ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá bá iṣẹ́ mu, wàá jẹun níbẹ̀, ọmọ tí ẹ máa bí náà á jẹun níbẹ̀. Bí kò bá bá a mu, ilẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ náà á sì lọ. Ohun tó mú mi gbé bíìrò nìyẹn.

Mo rí i pé inú rẹ kò dùn sí bí mo ṣe dákẹ́ ní ọgbà àwọn ọlọ́kọ̀ náà. Kì í ṣe pé n kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. A kì í bá ọmọ ẹni jiyàn lójú ẹni tó ń tajà, torí ọlọ́jà ni yóò jèrè ìjà náà. Ìbéèrè díẹ̀ ni mo bi ọmọkùnrin tó so táì yẹn, mo sì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́.

Jẹ́ kí n to ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí mo ṣe rí wọn, kí o lè mọ̀ pé n kò sùn. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, dísù sì ni gbogbo wọn ń mu. Àkọ́kọ́ ni funfun, onílẹ̀kùn méjì. Aṣọ ni ìjókòó rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gíláàsì fèrèsé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ jíà, rímù rẹ̀ jẹ́ irin lásán. Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn débi pé màlúù lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kó tún yíra. Ìwọ kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Èyí tó tẹ̀ lé e ni aláwọ̀ eérú, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹ́ẹ̀sì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wà nínú rẹ̀, iná ló ń yí fèrèsé, bí ọ̀nà bá sì burú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, nítorí pé ibi tí wọ́n ti yọ àyè fún ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ti gé àyè ẹrù. Ẹ̀kẹta ni dúdú tó ń dán yẹn. Awọ ni ìjókòó, jíà ń wọ fúnra rẹ̀, ohun kan bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré wà níwájú dẹ́rẹ́bà tó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn án. "Fúùlù ọ́pṣọ̀n nìyí, Mọ́mì," ni ọmọ náà wí, ó ń fi ọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

O rántí pé mo bi í pé, "Nínú funfun yìí àti eléérú yìí, ẹnjìnnì èwo ló lágbára jù?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹnjìnnì kan náà ni, Mọ́mì."

"Tó bá jẹ́ ẹnjìnnì kan náà, kí ni owó tí ẹ fi lé ti eléérú ń rà?"

"Ìgbádùn ni, Mọ́mì."

"Ta ló ń gbádùn, dẹ́rẹ́bà ni àbí ẹ̀gẹ́?"

Òun rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. Súlíyá ti jókòó sínú dúdú nígbà yẹn, ó ń pè mí pé, "Ìyá, ẹ wá wo bó ṣe rọ̀." Mo lọ jókòó. Ó rọ̀ lóòótọ́, n kò ní í purọ́ mọ́ awọ. Èmi náà kò fẹ́ dìde.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ iye owó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Kí a tó bí ọ, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lílọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń dín gaàrí, mo lọ ra ẹ̀rọ kan tó ń mu dísù. Ọlọ́jà méjì ni mo ná a lọ́wọ́ wọn. Ti ọ̀kan wọ́n, ti ìkejì rọjú, mo sì ra ti èyí tó rọjú. Mo ń yangàn délé pé ọjà ọ̀wọ́n kò lè rí mi mú. Nígbà tí a tú u sílẹ̀, kò sí bẹ́líìtì, kò sí irin tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ lé, owó ẹni tó máa gbé e nàró kò sí níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú iye tí ẹni àkọ́kọ́ dá. Kí n tó rà wọ́n tán lọ́kọ̀ọ̀kan, owó mi ti kọjá ti ẹni tí mo pè ní ọlọ́jà ọ̀wọ́n, àwọn tó gbé ẹ̀gẹ́ tútù dúró dè mí sì ti gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà.

Nítorí náà, kí o tó sọ pé èyí rọjú, èyí wọ́n, kọ́kọ́ rí i pé ẹrù kan náà ni owó méjèèjì gbé. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbé Ìbàdàn fi iye tí wọ́n ń ta funfun lọ́hùn-ún ránṣẹ́ sí ọ, ó sì kéré sí ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dára. Ṣé ìwé ọkọ̀ àti nọ́ńbà wà nínú rẹ̀? Ṣé ẹ̀sítírà táyà àti jáàkì wà níbẹ̀? Ta ni yóò wà á wálé, dísù ta ni yóò sì mu? Ṣé wọn á tún un ṣe fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́? Jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ibi méjèèjì, kí o wá fi wọ́n wéra. Ẹni tí o bá bi ní iye, tó wá ń sọ fún ọ pé "Ẹ fọkàn balẹ̀," má fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ kan náà ló ní kí o lọ ra tòkunbọ̀, pé iye tí wọ́n ń ta funfun tuntun ni wọ́n ń ta dúdú àlòkù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Tòkunbọ̀ olówó ńlá yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti jẹ ẹran rẹ̀ tán, egungun rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí o ra ní iye ẹran. N kò sọ pé tòkunbọ̀ kò dára. Bàbá rẹ lo òmíràn tó ṣe dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ní àdéhùn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ máa fi òwúrọ̀ rẹ̀ wádìí ohun tó ń ṣe ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ dísù náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹnjìnnì àtijọ́ dà bí ewúrẹ́, ohun tí o bá fún wọn ni wọ́n ń jẹ. Dísù inú kẹ́ẹ̀gì tí omi ti wọ̀, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á sì máa lọ. Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Lánàá, mo dúró lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa, bàbá oníṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun yẹn, mo ṣàlàyé ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Àyìndé, méjì tó ṣáájú, a lè fọwọ́ sí wọn níbí. Èyí tó ní tẹlifíṣọ̀n yẹn, bí iná ìkìlọ̀ bá tàn lójú rẹ̀, ó di Ìbàdàn." Wá mẹkáníìkì tìrẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí o bi í kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti sanwó, ohun tó bá dùn mọ́ ọ nínú ni yóò máa sọ fún ọ.

Ohun kan wà tí mo gbà pé eléérú fi dára ju funfun lọ. Nígbà òjò, ọ̀nà tó wọ àwọn oko Ìkòyí-Ilé yẹn kò ní ojú àánú. Mo ti jókòó nínú ẹrọ̀fọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Bi ọlọ́táì yẹn bóyá funfun onílẹ̀kùn méjì wà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Bó bá wà, san owó tó bá lé e, má ṣe wo ẹ̀yìn. Owó tó bá wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Owó tó bá wọ awọ, jíjókòó ló ń jókòó.

Ti Súlíyá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé òun ló ń tì ọ́ sí dúdú. Ọmọ náà jókòó sórí ohun tó rọ̀, ó ní ó rọ̀. Kí ni ká wá ní kó sọ? Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o bi í nílé, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí kò sí ọlọ́jà nítòsí. Ṣàlàyé fún un ohun tí yóò ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ra funfun, àti pé bí ẹ bá ra dúdú, ẹ ò ní í ní ohun tí ẹ máa fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀gẹ́. Ìyàwó tí a bá fi ọ̀rọ̀ hàn kì í ṣe ọ̀tá ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ kì í fi tiwọn hàn mí, lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ni mo máa ń gbọ́, inú a sì máa bí mi ní ìgbà méjì.

Ó wá ku èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ sánmà tí bàbá rẹ ní nígbà tí o wà ní kékeré, onílẹ̀kùn méjì ni wọ́n fẹ́ lọ rà. Ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Àgbà, ló bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Bàbá Àgbà ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni yóò máa jókòó nínú rẹ̀? Ọkọ̀ tí ẹbí kò lè wọ̀, kí là ń pè é?" Ojú ti bàbá rẹ. Wọ́n ná owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, wọ́n ra onílẹ̀kùn mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ ọkọ̀ náà, àfáà ṣàdúà pé kó máa gbé èèyàn lọ sí ibi ayọ̀, gbogbo ilé ṣe àmín. Àdúà náà gbà ju bó ti yẹ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó, òun ni. Bí ọmọ bá délé ayé ní Ìsẹ́yìn, òun ni. Bí àlejò bá fẹ́ lọ kí àlejò, wọ́n á ní, "Ọkọ̀ wa wà nílẹ̀." Ìwọ náà mọ ilé wa. Ẹni tó ní ìjókòó kò lè sọ fún àgbà pé kò sí àyè.

Ní ọdún kan, a ra odidi oko ẹ̀gẹ́ kan ní Ìrẹsà, a fà á, ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbé ìyàwó kan lọ sílé ọkọ. Bàbá rẹ kò lè sọ pé rárá. Kí ọkọ̀ náà tó padà dé, tí a fi kó ẹ̀gẹ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ rà á gé ọ̀kan sí méjì, ó rí dúdú nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ nù. Kò bá wa jà, kò tilẹ̀ ná an. Bàbá rẹ kò bínú sí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni òwò wọn kò gbérí mọ́. Èmi ni mo bá wọn bínú, mo sì ṣì ń bínú. Ẹnìkan wà ní àdúgbò wa nígbà náà tó ní onílẹ̀kùn méjì. Wọ́n máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n gé ní ìdajì. Kò sẹ́ni tó ní kó wá gbé ìyàwó. Ẹni tó bá wá bá a, ẹrù ló ní, owó ló sì mú dání.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: nígbà tí ọlọ́táì yẹn ń pe iye owó ìjókòó ẹ̀yìn fún ọ, kò pe gbogbo rẹ̀. Ẹbí ni yóò máa san ìyókù lára rẹ. N kò ní kí o sá fún ẹbí. Bí wọ́n bá ní ìnáwó, fún wọn lówó ọkọ̀, kí o fún wọn dáadáa, kí o sì tètè dé ibẹ̀ lọ kí wọn. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Bàbá Àgbà ti gbọ́ pé o fẹ́ ra ọkọ̀. Wọ́n bi mí lánàá pé, "Ilẹ̀kùn mélòó ni?" Mo ní n kò tíì mọ̀.

Mo mọ ohun tí wàá fi dá mi lóhùn, torí o ti sọ ọ́. Ní alẹ́ Sátidé tí mo padà délé, o pè mí, o ní, "Ìyá mi, torí yín ni mo ṣe ń wá onílẹ̀kùn mẹ́rin. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn. N ò fẹ́ kí ẹ gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mọ́ láyé yín." Mo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, mo pa fóònù. Nẹ́tíwọ̀kì dára. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí, n kò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Nísinsìnyí mo ti mọ̀ ọ́n. Àyìndé, ọkọ̀ tí o rí mi lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, onílẹ̀kùn mẹ́rin ni. Ìjókòó márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá rẹ ló máa ń kún ibẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti oko tí wọn kò fi ọwọ́ kan ẹ̀gẹ́. Èmi tí mo ni ẹ̀gẹ́, mo gbé ọ sórí itan lẹ́yìn, mo fi ọwọ́ kan di okùn mú. Bàbá rẹ ló ń wakọ̀. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n, ojú ló máa ń tì wọ́n láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sọ̀. Kì í ṣe ìjókòó ni kò tó.

Nítorí náà, ra oníjókòó méjì. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ bá ọ lọ sí Ìkòyí-Ilé, tí o bá bá ẹlòmíràn níwájú, ìbáà ṣe Bàbá Àgbà fúnra wọn, kúnlẹ̀, dọ̀bálẹ̀, ṣe bó bá ṣe wù ọ́, àmọ́ sọ fún wọn pé, "Ìyá mi ló máa jókòó níbí." Bí o bá lè sọ ọ́, ìjókòó aláṣọ tó mi. Bí o kò bá lè sọ ọ́, ibi ẹ̀gẹ́ náà ni n óò tún wà, kódà kí o ra dúdú.

Èmi ni,
Ràmọ́tà ìyá rẹ.